Bí mo ṣe fi oògùn ọkàn sílẹ̀ n'Ífẹ̀, àti ohun tójú mi rí lórí 10mg

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Propranolol ni mò ń lò, 40mg láàárọ̀, 40mg lálẹ́, torí gẹ̀gẹ̀ tó ń da ọkàn mi láàmú, àyà mi á máa lù kìkìkì, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Carbimazole ló wá kápá gẹ̀gẹ̀ ọ̀hún, èsì ẹ̀jẹ̀ dáa, dókítà ní ó tó kí n fi propranolol sílẹ̀, àmọ́ kí n má já a lójijì o: 20mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, 10mg lẹ́ẹ̀mejì fún ọ̀sẹ̀ kan, kí n tó jáwọ́ pátápátá.

20mg ò le rárá, kóró 40mg tèmi ní ìlà láàárín, ẹ tẹ̀ ẹ́ báyìí ó dá sí méjì.

10mg ni wàhálà! Mo wọ kẹ́míìsì ní Lágere, wọn ò ní. Mayfair, wọn ò ní. Sábó, 40mg nìkan ló kún inú ṣẹ́ẹ̀fù. Níbì kan, ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà ní, "Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ fi 10mg ṣe, ẹ kúkú dá a dúró, kò lè ṣe yín ní nǹkan kan." Ẹ gbọ́ mi, ó lè ṣe èèyàn ní nǹkan! Oògùn yìí ń dí ibi tí adrẹ́nálíìnì, ohun tí ara máa ń tú jáde bí ẹ̀rù bá bà wá, ti ń mú ọkàn, tó bá wá pẹ́ tó ti ń dí i, ara á tún ṣe irú ibẹ̀ sí i. Bẹ́ ẹ bá já a lójijì, gbogbo ẹ̀ ló máa ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọkàn á máa sáré, ẹ̀jẹ̀ lè ru, ẹni tí iṣan ọkàn ẹ̀ ti ń dí tẹ́lẹ̀, ó lè di hàátì àtákì. Ó wà nínú ìwé pélébé tó ń wà nínú páálí oògùn, ẹni tó ń tà á ló sì ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún mi.

Mo ra bíléèdì tuntun, mo gbé ìdajì kóró kan sórí àwo, mo gé e. Apá kan fò lọ sábẹ́ àga, èkejì rún, ẹ̀gbẹ́ kan nípọn ẹ̀gbẹ́ kan fẹ́lẹ́. Mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mò ń wò ó, ta ló máa sọ fún mi pé 10 nìyí, pé kì í ṣe 6 tàbí 14? Nínú gbogbo ẹni tó rí ìwé oògùn yẹn ní ọsibítù, kò sẹ́ni tó bi mí pé níbo ni mo ti máa rí 10mg rà.

Bàbá famasísì kan lọ́nà Odò-Ògbè ló yọ mí. Ó ní kí n pe dókítà kí n bi í bóyá mo lè dúró lórí 20mg títí 10mg á fi dé, dókítà ní kò burú. Bàbá pe Ìbàdàn, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí gáréèjì. Odindi páálí ni wọ́n tà fún mi, wọn ò já a, owó ọkọ̀ tún wà lórí ẹ̀, ó ju owó 40mg tí mo máa ń rà fún oṣù kan lọ!

Òru ni ẹ̀rù máa ń bà mí jù, pàápàá lẹ́yìn tí mo lo èyí tó kẹ́yìn. Oògùn ọ̀hún ò pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń tó ọjọ́ kan ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àmọ́ ó máa ń gba ara tó ọjọ́ mélòó kan kí àìsí ẹ̀ tó mọ́ ọn lára. Mo máa ń fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́, mo á ka lílù ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, láàárọ̀ kí n tó dìde àti lálẹ́, mo á kọ ọ́ sílẹ̀. 60 sí 100 ló dáa fún àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó gun 96, ọkọ mi ní, "Ìyá Tóbi, fi ọwọ́ yẹn sílẹ̀ kó o sùn." Mi ò fi í sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ó ti wálẹ̀ sí 78, dókítà gba ìwé mi, ó kà á látòkè délẹ̀, ó ní òun ò tíì rí aláìsàn tó ṣe é tó báyẹn, inú mi dùn gan-an.

Kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú dókítà, ẹ bi í pé kóró wo lẹ máa lò ní ìpele kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì rà á tán kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù. Bí àyà bá ń dùn yín, tàbí èémí ò délẹ̀, tàbí òòyì ń kọ́ yín, ọsibítù lóru ọjọ́ náà, ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin l'Iléṣà ń lo atenolol, ìdílé oògùn kan náà ni òun àti propranolol, mo ti fi nọ́ńbà bàbá famasísì yẹn ránṣẹ́ sí wọn.