Bí mo ṣe fi máàpù wá oko bàbá ńlá wa kàn

Ọ̀rọ̀ ẹnu Ìyá Àgbà nìkan ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní tí èèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ rélùwéè kékeré kan láàárín Láfẹ́ńwá àti Olókèméjì, kó kọjú sí ìlà oòrùn, kó rìn tó máìlì mẹ́ta, kó sọdá odò méjì. Odò kejì kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Òdìkejì rẹ̀ loko wà. (Mi ò ní dárúkọ abúlé náà. Ẹni tó bá mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe ń rí l'Ábẹ́òkúta á mọ ìdí rẹ̀.)

Ọwọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo ti rí máàpù ìjọba tí wọ́n tẹ̀ láwọn ọdún 1960. 1:50,000 ni ìwọ̀n rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 2 lórí ìwé jẹ́ kìlómítà 1 lórí ilẹ̀. Máìlì mẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 5, torí náà sẹ̀ǹtímítà 10 ni mo fi rúlà wọ̀n. Mo ti ré odò méjèèjì kọjá, mo tún bọ́ sínú òmíràn. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi rò pé Ìyá Àgbà ti gbàgbé.

Àṣé wọn ò gbàgbé nǹkan kan. Ẹ̀dà ni mo ń wọ̀n, ẹni tó bá mi ṣe fọ́tókọ́pì sì ti sún máàpù náà kì kó lè gba ojú bébà. Ìlà ìwọ̀n tó wà nísàlẹ̀ ló tú àṣírí: kìlómítà 5 tó yẹ kó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 ti di 7. 1:50,000 tí wọ́n kọ síbẹ̀ ti di irọ́, àmọ́ ìlà yẹn bá ìwé sún kì ni, kò lè parọ́. Mo fi òun wọ̀n, mo bá já sí ẹ̀gbẹ́ odò kejì gẹ́lẹ́.

Orúkọ abúlé wa kò sí níbẹ̀, àbí ohun tí mo kọ́kọ́ rò nìyẹn. Orúkọ ẹni tó tẹ abúlé dó ni ọ̀pọ̀ abúlé Ẹ̀gbá ń jẹ́, ẹni tó kọ tiwa sórí máàpù kò sì fi àmì kankan sí i; “b” ló kọ síbi tí “gb” wà. Ìgbà tí mo pè é sókè lẹ́ẹ̀mẹta ló tó jọ orúkọ bàbá ńlá wa.

Ó wá ku kí n gbé máàpù àtijọ́ lé àwòrán sátẹ́láìtì. QGIS ni mo lò, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lórí máàpù; ọ̀fẹ́ ni. Afárá rélùwéè tó wà lórí odò Ògùn ní Láfẹ́ńwá àti ibi táwọn odò ti pàdé ni mo fi so wọ́n pọ̀. Ẹ má lo ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021. Èyí tó dé Ìbàdàn ní 1901 ni máàpù mọ̀. Ẹ tún rántí Minna. Ibì kan nítòsí ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò àwọn máàpù àtijọ́ Nàìjíríà, ìṣirò mìíràn tí wọ́n ń pè ní WGS84 sì ni fóònù wa ń lò. Tẹ́ ò bá sọ fún kọ̀ǹpútà pé ìṣirò Minna ni máàpù ń lò, gbogbo nǹkan á fi bíi 100 mítà yẹ̀. 100 mítà sì tó gbé èèyàn sínú oko oníoko.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n bàbá mi la jọ lọ. Lójú sátẹ́láìtì, igbó lásán ni. Nígbà tá a débẹ̀, a rí igi obì mẹ́ta, ògiri alámọ̀ tó ti wó, àti pèrègún tó tò lọ bí ẹni tó ń dúró de ẹnì kan.

“Bàbá, ṣé ibí ni?”

“Dákẹ́ ná.”

Wọ́n ń tẹ̀ lé pèrègún náà lọ, wọ́n ń ka ebè. Ẹ̀gẹ́ ẹlòmíì ti fi ebè mẹ́rin wọlé kọjá ààlà. Wọn ò sọ̀rọ̀ sí i. Wọ́n ní kí n fi fóònù sàmì sí ìdí pèrègún kọ̀ọ̀kan, ká tó mú sọ̀fíyọ̀ wá.