Jíǹsì tó fẹ̀ bíi ti Harajuku: bí a ṣe ń wọ̀ ọ́ tí kò fi ní dà bí aṣọ àyálò

Ìbàdí ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́. Wọ́n á rí fọ́tò àwọn ọmọ Tokyo ní Harajuku tàbí Shibuya, pẹ̀lú jíǹsì tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n á sì gba ọjà lọ. Ẹni tí ìbàdí rẹ̀ jẹ́ 32 á ra 38, á fi bẹ́líìtì fún un mọ́ra. Iwájú á ká jọ, àpò ẹ̀yìn á já wálẹ̀ kọjá ìdí, abẹ́ ṣòkòtò á rọ̀ dé ààrin itan. Jíǹsì tó fẹ̀ ló ń wá, jíǹsì tó tóbi ló rà.

Ṣòkòtò tí àwọn ará Japan ń wọ̀ yẹn máa ń jókòó sí ìbàdí gan-an. Láti itan lọ sísàlẹ̀ ló ti ń fẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni hakama, ṣòkòtò ìbílẹ̀ wọn àtijọ́, rí: okùn ló ń so ó pinpin mọ́ ìbàdí kó tó wá tú sílẹ̀. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn bàbá wa ṣe ń fa okùn kẹ́ḿbẹ̀ kò ní bá mi jiyàn.

Nítorí náà, tépù ni kí ẹ kọ́kọ́ mú dání. Ẹ má gba nọ́ńbà tó wà lára ṣòkòtò gbọ́: 34 ilé-iṣẹ́ kan lè jẹ́ 36 ti òmíràn, M ti Japan sì sábà máa ń kéré ju M ti Amẹ́ríkà lọ. Ẹ tẹ́ ṣòkòtò kan tó bá yín mu sílẹ̀ nílé, ẹ wọn ìbàdí rẹ̀ láti etí kan dé ìkejì, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ìwọ̀n yẹn lẹ ó gbé lọ sọ́jà. Èmi kì í gbà kó fi ju íǹṣì kan lé e lọ, méjì bó bá pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà, itan. Fún ẹni tí ìbàdí rẹ̀ jẹ́ 32, bí ẹ bá tẹ́ ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, kí itan tó íǹṣì 13 sí 14, kí ẹnu ẹsẹ̀ tó 9 sí 10. Láti abẹ́ ṣòkòtò níbi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti pàdé títí dé òkè ìbàdí níwájú, kó tó 12. Bó bá kúrú jù bẹ́ẹ̀, kò ní dé ìbàdí, ẹ ó kàn máa fà á sókè títí ilẹ̀ á fi ṣú ni.

Ẹ ó ní télọ̀ yóò bá yín gbà á wọlé. Íǹṣì méjì, ó ṣeé ṣe: á tú ẹ̀yìn, á gé e, á rán an padà. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àpò ẹ̀yìn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ra. Mo ti rí èyí tí wọ́n gbà wọlé débi pé àpò méjèèjì fẹnu konu, síìpù iwájú sì wọ́. Kò sí àtúnṣe fún ìyẹn, torí aṣọ tí wọ́n gé ti dé ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Bí ó bá kàn dẹ̀ díẹ̀, ẹ wá okùn bàtà, ẹ fi kọ́ ibi méjì tí bẹ́líìtì ń gbà kọjá lẹ́yìn, ẹ fà á, ẹ so ó, kí ẹ fi ṣẹ́ẹ̀tì bò ó. Ó dùn mọ́ mi ju bẹ́líìtì lọ.

Aṣọ rẹ̀ ńkọ́? Kó wúwo, kó sì jẹ́ òwú pọ́ńbélé. Ní Kojima, ní agbègbè Okayama, aṣọ ilé-ìwé ni wọ́n ń rán kí ilé-iṣẹ́ Maruo tó bẹ̀rẹ̀ sí í rán jíǹsì níbẹ̀ ní 1965. Lónìí, ibẹ̀ làwọn tó mọ jíǹsì ń tọ́ka sí ní Japan. Aṣọ tí yáàdì onígun mẹ́rin rẹ̀ kan wọn áúnsì 13 tàbí 14 ni kí ẹ wá. Irú rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ gbọọrọ. Èyí tó ní rọ́bà nínú á lẹ̀ mọ́ ojúgun bó ti wù kó fẹ̀ tó. Kí ẹ tó náwó, ẹ tú àpótí wò nílé. Jíǹsì tí wọ́n wọ̀ ní nǹkan bí 1995 sábà máa ń nípọn, kò sì ní rọ́bà. Ohun tí ẹ ń wá lọ sí ọjà Kàtángówá lè wà lápò ṣòkòtò bàbá yín.

Ọ̀rọ̀ gígùn ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà gba sùúrù. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e, torí aṣọ jíǹsì tí wọn kò tíì fi omi pa lè súnkì tó íǹṣì méjì sí mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ká a, ẹ wọ bàtà tí ẹ fẹ́ máa fi wọ̀ ọ́, kí ẹ rìn nínú rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Kí etí rẹ̀ kan orí bàtà, kó tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá ń gbálẹ̀, ó gùn jù. Ní Japan, wọ́n ń wá máṣíìnì àtijọ́ kan, Union Special 43200G, nítorí pé ìṣẹ́tí tó ń ṣe máa ń lọ́ bí okùn lẹ́yìn fífọ̀. Télọ̀ àdúgbò lè má ní in. Ẹ ní kó fi òwú tó nípọn, aláwọ̀ ọsàn, ṣẹ́ ẹ, ó tó.

Ṣẹ́ẹ̀tì kò le: kó má kọjá ìsàlẹ̀ síìpù. Bó bá gùn, ẹ tẹ iwájú rẹ̀ bọnú ṣòkòtò. Bàtà, kó ní ara díẹ̀. Sálúbàtà pẹlẹbẹ á sọnù lábẹ́ rẹ̀.

Jíǹsì tuntun máa ń yọ àró, ẹ má fi wọ bàtà funfun títí ẹ ó fi fọ̀ ọ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹta. Omi tútù, ẹ yí inú rẹ̀ síta, kí ẹ sá a síbi tí oòrùn kò ti pa á. Ẹ má lọ gátà sí i.