Bí a ṣe ń gbá géèmù lórí Linux ní Ìkòròdú láìfi dátà àti iná ṣòfò

Kí o tó béèrè irú Linux (ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà dípò Windows) tó dára, dárúkọ géèmù tí o fẹ́ gbá ná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti pa Windows rẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé géèmù tí gbogbo àdúgbò ń gbá kò ní ṣí fún wọn. Fortnite kì í ṣiṣẹ́ lórí Linux, Valorant kì í ṣiṣẹ́, EA Sports FC 25 náà kì í ṣiṣẹ́. Apex Legends ti ilẹ̀kùn mọ́ Linux ní 2024. GTA Online ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan náà, ṣùgbọ́n apá ìtàn GTA V tí ènìyàn ń dá gbá ṣì ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ rẹ kò lágbára. Ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n fi ń mú àwọn tó ń ṣe màgòmágó nínú géèmù wọ̀nyí ni wọn kò ṣí fún Linux, ẹni tó bá sì fẹ́ fi ọgbọ́n yí i ká lè pàdánù àkáǹtì rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé torí FC lo ṣe ra láptọ́ọ̀pù, jẹ́ kí Windows wà lórí rẹ̀.

Èyí tó kù pọ̀ rẹpẹtẹ. Dota 2 àti Counter-Strike 2 ní ẹ̀dà Linux tiwọn. Géèmù Windows tí kò ní ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀, Proton ni yóò gbé e dìde: ó ti wà nínú Steam, ètò tí a fi ń ra géèmù tí a sì fi ń gbá a, láti 2018, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó máa túmọ̀ ohun tí géèmù ń bi Windows sí ohun tí Linux lè dáhùn. Lọ sí ojúlé ProtonDB, kọ orúkọ géèmù náà, kí o wá ìròyìn àwọn tí káàdì fídíò wọn jọ tìrẹ. Má gba àmì Platinum, tó ń sọ pé géèmù ń ṣiṣẹ́ dáadáa, gbọ́ lásán. Àmì yẹn lè jẹ́ ti àwọn tó ní ẹ̀rọ ńlá, kó má bá káàdì fídíò Intel kékeré inú láptọ́ọ̀pù rẹ mu.

Ọ̀rọ̀ Intel ló kàn, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù nígbà tí a bá ń ra tòkunbọ̀. Proton ń lo Vulkan, èdè tí géèmù fi ń bá káàdì fídíò sọ̀rọ̀, láti ya àwòrán géèmù, DXVK tó wà nínú rẹ̀ sì ń béèrè Vulkan 1.3 láti ẹ̀dà 2.0 wá. Intel ìran kẹrin kò ní i ní pípé. Bí o ṣe máa mọ ìran rẹ̀ nìyí: wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i5 tàbí i7. i5-4300U jẹ́ ìran kẹrin, i5-6300U jẹ́ ìkẹfà, i5-8350U jẹ́ ìkẹjọ, i5-1135G7 jẹ́ ìkọkànlá. Ìran kẹfà ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Bí owó bá gbé e, gba ìkọkànlá, torí àwòrán Iris Xe inú rẹ̀ ju ti ìkẹjọ lọ gan-an. Bó bá jẹ́ ìran kẹrin ló ti wà nílé, má sọ ọ́ nù. Géèmù àtijọ́ yóò ṣí bí o bá kọ èyí sínú Launch Options géèmù náà lórí Steam:

PROTON_USE_WINED3D=1 %command%

Yóò lọ́ra díẹ̀, ṣùgbọ́n yóò ṣí.

Kí o tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ní Sábó tàbí ní Computer Village ní Ìkẹjà, mú fíláàṣì 8 GB tí o ti kọ Linux Mint sí dání. Sọ fún ẹni tó ń tà á pé o fẹ́ fi fíláàṣì tan ẹ̀rọ náà. Bó bá ti tàn, ṣí terminal (ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ) kí o tẹ:

sudo inxi -GBm

Yóò sọ káàdì fídíò, bí bátìrì ṣe gbó tó, àti iye igi RAM tó wà nínú rẹ̀. Igi RAM yìí ṣe pàtàkì ju bí àwọn olùtà ṣe ń sọ lọ. Intel àti AMD tí kò ní káàdì fídíò ọ̀tọ̀ ń yá RAM lò fún àwòrán. Igi 4 GB méjì máa ń sáré ju igi 8 GB kan ṣoṣo lọ, torí ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbé ẹrù gbà dípò ọ̀kan. Bí ihò kejì bá ṣófo, igi kejì ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí o ná owó lé lórí, SSD (dísíìkì tó yára) ló tẹ̀ lé e.

Ohun mìíràn wà tí ojú kì í tètè rí: ṣájà. Bí àwọn Dell kan kò bá dá ṣájà mọ̀, wọ́n á dín agbára ẹ̀rọ kù wálẹ̀ wálẹ̀, bátìrì kò sì ní gba iná. Géèmù yóò máa fà bí ìgbín, ìwọ yóò sì rò pé Linux ló fà á. Tẹ èyí nígbà tí géèmù bá ń lọ lọ́wọ́:

grep MHz /proc/cpuinfo

Bí gbogbo nọ́ńbà bá lẹ̀ mọ́ bíi 800, tí ẹ̀rọ kò sì gbóná, ṣájà ni kí o kọ́kọ́ fura sí.

Ní ti Linux tí o máa fi síbẹ̀, Mint ni a fara mọ́ fún láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀. Bó bá ní káàdì fídíò Nvidia, Driver Manager inú Mint ni kí o fi gbé díráfà (ètò tó ń darí káàdì náà) sí i. Bí Secure Boot (ẹ̀ṣọ́ tó ń yẹ ètò wò nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tàn) bá wà ní títàn, yóò ní kí o yan ọ̀rọ̀ aṣínà kan, yóò sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ lójú ìwé aláwọ̀ búlúù nígbà tí ẹ̀rọ bá tún tàn. Má fo ìwé yẹn, bí o bá fò ó, díráfà kò ní wọlé. Gba Steam ní fáìlì .deb láti ojúlé Steam gan-an; lórí Ubuntu, yẹra fún èyí tó jẹ́ Snap, irú àpò ètò ti Ubuntu. Lẹ́yìn náà, lọ sí Settings, Compatibility, kí o tan Steam Play fún gbogbo géèmù bó bá wà níbẹ̀.

Má ṣe kó géèmù sórí apá dísíìkì tí Windows ń lò. NTFS àti exFAT ni ọ̀nà tí Windows ń gbà to fáìlì sórí dísíìkì. NTFS kò gba irú orúkọ fáìlì kan tí Proton ń dá, exFAT kò sì gba ìtọ́kasí tó ń so fáìlì mọ́ra. Géèmù yóò wọlé dáadáa, yóò sì kọ̀ láti ṣí. Ext4, ti Linux, ni kí o lò.

Ó wá ku dátà. Géèmù 40 GB kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi hotspot fóònù fà lójú mọmọ. Bí o bá ní dátà òru, lọ sí Settings, Downloads, kí o yan àkókò tí Steam lè ṣe àfikún, kí ó má bàa jí dátà ọ̀sán rẹ. Níbẹ̀ náà ni Shader Pre-Caching wà. Ó ń gba fáìlì sílẹ̀ léraléra kí géèmù má bàa máa ta gìrì. Ẹni tí dátà rẹ̀ kéré lè pa á. Ohun tí yóò ná ọ ni kí géèmù máa dúró díẹ̀ díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, títí ẹ̀rọ yóò fi ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó dára jù ni kí o gba géèmù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Láti 2023 ni Steam ti ń jẹ́ kí ẹ̀rọ kan gba géèmù lára ẹ̀rọ mìíràn tó wà lórí Wi-Fi kan náà. Ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ wọlé sí Steam, ìwọ náà sì gbọ́dọ̀ ní géèmù náà ní àkáǹtì tìrẹ. Kí ọ̀rẹ́ rẹ lọ sí Settings, Downloads, kó tan Game File Transfer over Local Network fún àwọn ọ̀rẹ́. Ẹ sopọ̀ mọ́ hotspot kan náà, kí o tẹ Install. Dátà díẹ̀ ni yóò lọ fún ìwọlé. Géèmù gan-an yóò gba inú afẹ́fẹ́ yàrá kọjá. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ nìyí: bí Windows bá wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ, tí géèmù náà sì ní ẹ̀dà Linux, Steam yóò lọ wá ẹ̀dà Linux lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dátà rẹ yóò sì lọ. Nítorí náà, kí o tó tẹ Install, ṣí Properties géèmù náà, Compatibility, kí o fi ipá yan Proton kan. Ẹ̀dà Windows ni Steam yóò wá, èyí tó ti wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ. Wo iye tó ń wọlé láti íntánẹ́ẹ̀tì ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́; bí o bá rí i pé ó ń fò sókè, dá a dúró.

Géèmù tuntun gbọ́dọ̀ ṣí lẹ́ẹ̀kan nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì wà. Ìgbà yẹn ni Proton ń gbé àwọn irinṣẹ́ Windows tí géèmù nílò sí ipò. Jẹ́ kó lọ títí yóò fi dé ojú ìwé àkọ́kọ́, pa á, kí o tó yan Go Offline. Ẹni tí kò bá ṣe é báyìí, tó ń rò pé òun yóò gbá a nínú ọkọ̀ ojú omi láti Ìpakodò, yóò bá ojú dúdú pàdé.

Fún iná, ìṣirò ni kí o fi ṣe é. Steam Deck, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́mú tó ń lo Linux, ní oríṣi méjì: LCD ní bátìrì 40 Wh (wáàtì fún wákàtí), OLED ní 50 Wh. Géèmù tó ń jẹ wáàtì 20 yóò tán ti LCD ní wákàtí méjì; bí o bá mú un wá sí wáàtì 10, o ní wákàtí mẹ́rin. Tẹ bọ́tìnì tó ní àmì ìdánudúró mẹ́ta (...) lára Deck, wọ Performance, fi fps (iye àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan) sí 40, kí o tan TDP Limit (ìwọ̀n iná tí ọpọlọ ẹ̀rọ lè jẹ) sí wáàtì 8. Bí géèmù bá ń ta gìrì, gbé e sókè ní oókan oókan. Ojú rẹ kò ní tètè mọ ìyàtọ̀ láàrin 40 àti 60 lórí ojú kékeré yẹn, ṣùgbọ́n bátìrì mọ̀ ọ́n. Lórí láptọ́ọ̀pù, MangoHud ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí:

MANGOHUD_CONFIG=fps_limit=30 mangohud %command%

Páwà bánkì 20,000 mAh jẹ́ nǹkan bíi 74 Wh, ṣùgbọ́n apá kan yóò ṣòfò lójú ọ̀nà, nítorí náà ka á sí ẹ̀kún kan fún Deck OLED pẹ̀lú ìwọ̀nba díẹ̀ lókè. Ó gbọ́dọ̀ ní USB-C PD (ojú ìgbaná tó yára) tó ń fúnni ní wáàtì 45. Èyí tó jẹ́ wáàtì 10 yóò máa wọlé, bátìrì yóò sì máa lọ sílẹ̀ bí o ti ń gbá géèmù. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré lo ń lò, jẹ́ kó tàn, kí ohùn rẹ̀ dúró déédéé kí o tó ki ṣájà bọ̀ ọ́. Yọ ṣájà kí o tó pa á.

Bí iná bá lọ lójijì lórí láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ti kú, géèmù lè bàjẹ́. Má tún un gbà sílẹ̀ látòkèdélẹ̀. Properties, Installed Files, Verify: ohun tó bàjẹ́ nìkan ni yóò gbà. Bí kò bá tíì ṣí, gbìyànjú Proton mìíràn. Bó bá ṣì kọ̀, kọ PROTON_LOG=1 %command% sí Launch Options, kí o ka fáìlì steam- tó ní nọ́ńbà géèmù náà nínú fódà ilé rẹ. Àwọn kan yóò sọ pé kí o pa fódà compatdata géèmù náà, ibi tí Proton ń kó fáìlì Windows rẹ̀ sí, rẹ́, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí o gbá géèmù dé lè wà nínú rẹ̀! Kọ́kọ́ da pfx/drive_c/users/steamuser kọ sí ibòmíràn.

Ooru náà kò gbẹ́yìn. Lọ́sàn-án, nígbà tí fáànù yàrá ti kú pẹ̀lú iná, láptọ́ọ̀pù tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yóò pa ihò atẹ́gùn rẹ̀ dé. Gbé e sórí tábìlì, fi ìwé méjì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Fi lm-sensors, ètò tó ń wọn ooru, sí i, tẹ sensors bí géèmù ti ń lọ. Bó bá ń kọjá 95°C, tí fps ń já, eruku ọ̀gbẹlẹ̀ ti dí fáànù rẹ̀, tàbí ọ̀rá ìtutù orí CPU (ọpọlọ ẹ̀rọ) ti gbẹ. Jẹ́ kí ẹni tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe ṣí i, kó nù ún, kó sì fi ọ̀rá tuntun sí i.

Ẹ̀rọ ọwọ́ kékeré bíi Miyoo Mini Plus tàbí Anbernic RG35XX, tí Linux wà nínú wọn náà, dára fún géèmù àtijọ́, wọn kì í sì jẹ iná. Káàdì tó bá wọn wá ni kí o kọ́kọ́ pààrọ̀: da ohun inú rẹ̀ kọ sórí láptọ́ọ̀pù, kí o gbé e sórí káàdì gidi. Ayédèrú káàdì pọ̀ nígboro. Èyí tó kọ 512 GB sára lè jẹ́ 32 péré, kò sì ní pariwo títí tí fáìlì rẹ yóò fi ṣègbé. Bí o bá ti rà á, fi f3 (ètò tó ń yẹ ìwọ̀n káàdì wò) dán an wò kí ẹni tó tà á tó gbàgbé ojú rẹ:

sudo apt install f3
f3write /media/orúkọ-rẹ/káàdì
f3read /media/orúkọ-rẹ/káàdì

Fi orúkọ ibi tí káàdì rẹ wà gan-an rọ́pò èyí tí a kọ síbẹ̀. Káàdì ńlá lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, nítorí náà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí iná wà. Bí f3read bá ti ka ohunkóhun sí «Data LOST» yàtọ̀ sí òdo, dá káàdì náà padà.