Destiny 2 àti ẹni tí kò ráyè: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mò ń délé, ọmọ méjì sì ń dúró dè mí. Bí mo bá ní kí n ta géèmù ìbọn Destiny 2 díẹ̀, ọmọ á ké, màá tẹ páàdì pé kó dúró, kò ní dúró. Kí n tó padà, wọ́n ti pa mí. Ṣé páàdì ló bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Páàdì rẹ kò ṣe nǹkan kan, àbúrò. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni Destiny 2 ń gbé, kódà nígbà tí o bá rò pé ìwọ nìkan lò ń ta á. Kò sí bọ́tìnì tó lè dá a dúró nítorí ẹkún ọmọ. Tó o bá dá wà, padà sí orbit, ìyẹn inú ọkọ̀ òfuurufú rẹ níbi tí ọ̀tá kò lè dé, kó o lọ gbé ọmọ. Bí o bá bá àwọn ẹlòmíì jáde, ìyẹn ló le. Strike, ìyẹn iṣẹ́ kúkúrú, ẹni mẹ́ta ni, bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, ó ṣe é tà lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Raid, ìyẹn iṣẹ́ ńlá, ẹni mẹ́fà ni, ó sì lè jẹ wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Má ṣe gbà á lọ́jọ́ iṣẹ́, èèyàn márùn-ún ni yóò máa retí rẹ. Crucible, níbi tí àwọn tó ń ta géèmù ti ń bá ara wọn jà, ńkọ́? Ẹni tó bá ń sá kúrò níbẹ̀ léraléra, wọ́n á tì í mọ́ta fún ìgbà díẹ̀.

Ìbéèrè: Tí n kò bá wọlé lójoojúmọ́, ṣé ẹ̀bùn ò ní fò mí?

Ìdáhùn: Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní aago Nàìjíríà, ni ti ọ̀sẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹ̀bùn ọ̀sẹ̀ tí o kò mú ní Ìṣẹ́gun ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Èmi ò ka ti ojoojúmọ́ sí mọ́.

Ìbéèrè: Bí iná bá lọ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ohun tó o ti kó jọ wà lórí sáfà Bungie, ilé iṣẹ́ tó ṣe géèmù náà, kò lọ síbì kankan, ìjà tó o wà lẹ́nu rẹ̀ nìkan lo pàdánù. Bí o bá ní ìnfátà, so ráútà mọ́ ọn pẹ̀lú. Mo ti jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tó ń tàn rokoṣo rí, tí íntánẹ́ẹ̀tì ti kú.

Ìbéèrè: Ṣé kò sí èyí tó lè dúró dè mí?

Ìdáhùn: Ó wà. Ra Halo: The Master Chief Collection, àkójọ àwọn géèmù ìbọn Halo, kó o bẹ̀rẹ̀ láti orí Halo àkọ́kọ́ tó jáde ní 2001. Ìpele mẹ́wàá ni ìtàn rẹ̀. Tó o bá ń dá a ta, ó ń dúró, wàá sì lè fi í pamọ́ kó o bá a níbi checkpoint (ibi tí géèmù ti ń fi ibi tó o dé pamọ́) tó o dé kẹ́yìn. Ìpele keje, The Library, gùn, ó sì ń súni; alẹ́ méjì ni mo pín in sí.