Bí Àmì Ẹ̀yẹ Yín Kò Bá Sí Nínú DD-214: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Sójà Amẹ́ríkà Tó Ti Padà Sílẹ̀ Okun

Kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan, ẹ mú DD-214 yín jáde, ìyẹn ìwé tí wọ́n fún yín nígbà tí ẹ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun, ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ ka àpótí 13 dáadáa. Ibẹ̀ ni wọ́n ń to gbogbo mẹ́dàlì, ríbọ́ọ̀nù àti báàjì sí ní lẹ́tà ńlá. Ìlà méjì tó dábùú ló ń pín ọ̀kan níyà sí èkejì, NOTHING FOLLOWS ló sì ń parí rẹ̀. Bí àyè bá ti kún, ẹ óò rí CONT IN BLOCK 18, ìyókù á sì wà nísàlẹ̀ nínú àpótí 18. Ẹ wo ibẹ̀ kí ẹ tó pariwo. Ọ̀pọ̀ àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ní ó sọnù, àpótí 18 ló sá pamọ́ sí.

Àwọn tí a ń bá sọ̀rọ̀ ni ọmọ Okun tó ṣe iṣẹ́ ológun fún Amẹ́ríkà, tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì ti padà wálé sí Kábbà, Ìyàrà, Mópà, Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kan opó àti ọmọ irú sójà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Òótọ́ ni pé Lọ́kọ́ja tó wà nítòsí wa níbí ni ilé àkọsílẹ̀ àwọn sójà Nàìjíríà wà, ṣùgbọ́n ẹ má fi owó ọkọ̀ ṣòfò lọ síbẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. St. Louis, ní ìpínlẹ̀ Missouri, ni fáìlì sójà Amẹ́ríkà wà, láti ilé yín lẹ sì ti lè bá wọn ṣe gbogbo rẹ̀.

Ẹni tó bá sọ pé ọ̀ṣọ́ àyà lásán ni kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹni tó gba Purple Heart, àmì ẹ̀yẹ ẹni tí ọ̀tá ṣe léṣe, ìsọ̀rí kẹta ni VA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ológun fẹ̀yìntì, máa ń fi í sí nínú ètò ìlera wọn. Bí ó bá sì jẹ́ pé láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001 ló ti gbà á, tó sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ rere, ó ní ẹ̀tọ́ sí owó ilé-ìwé Post-9/11 GI Bill ní kíkún. Combat Action Badge tàbí Combat Infantryman Badge jẹ́ ẹ̀rí pé ènìyàn fojú kan ogun. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń béèrè owó nítorí ọgbẹ́ tàbí àìsàn ọkàn tó ti ojú ogun wá, àríyànjiyàn á dín kù. Ẹ̀tọ́ tí ènìyàn fi ẹ̀mí rẹ̀ wéwu fún ni, kò yẹ kí àṣìṣe akọ̀wé kan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Irú èwo ló sọnù?

Ìbéèrè yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé, nítorí ilẹ̀kùn tí ẹ óò kàn kì í ṣe ọ̀kan náà fún gbogbo àmì ẹ̀yẹ. Ẹni tó bá kan èyí tí kò yẹ, wọ́n á dá ìwé rẹ̀ padà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù.

Irú kìíní ni èyí tí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń fún ènìyàn, tí kò nílò kí ọ̀gá kankan dábàá. National Defense Service Medal tọ́ sí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ láàárín ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án 2001 sí ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2022. Army Service Ribbon tọ́ sí ẹni tó parí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú Army. Iraq Campaign Medal tọ́ sí ẹni tó lo ọjọ́ 30 láìdáwọ́ dúró, tàbí ọjọ́ 60 tó pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, ní Ìráàkì láàárín ọjọ́ 19 oṣù Kẹta 2003 sí ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2011. Ìwé tó fi ibi tí ẹ wà àti ìgbà tí ẹ wà níbẹ̀ hàn ti tó fún èyí. Àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n fún odidi yúnìtì náà wà lára irú yìí. Òun ló sì máa ń sọnù jù, nítorí àṣẹ rẹ̀ sábà máa ń jáde lẹ́yìn tí sójà ti kúrò ní yúnìtì, nígbà mìíràn lẹ́yìn tó ti bọ́ aṣọ pátápátá. Ẹ fi orúkọ yúnìtì yín, títí kan kọ́ńpìnì àti bàtálíọ̀nù, wé àṣẹ tó fún yúnìtì náà ní àmì ẹ̀yẹ. Bí ọjọ́ inú àṣẹ bá bọ́ sí àkókò tí ẹ wà níbẹ̀, tiyín ni.

Good Conduct Medal ti Army máa ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n ń kà fún un, àwọn tí kì í ṣe ọ́físà nìkan ló sì ń gbà á. Ẹni tó lo ju ọdún kan lọ ṣùgbọ́n tí kò pé mẹ́ta lè gba àkọ́kọ́ nígbà tó bá ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ kì í ṣe ọdún nìkan ló ń fúnni: ìwà gbọ́dọ̀ dára, ọ̀gá yúnìtì sì lè kọ̀wé pé kí wọ́n má fún ẹnì kan. Nítorí náà, ẹ yẹ fáìlì wò bóyá irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀ kí ẹ tó béèrè. Bí kò bá sí, tí kò sì sí ìwé ìjìyà kankan, ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Irú kejì ni èyí tí ọ̀gá dábàá, tí aláṣẹ sì fọwọ́ sí: Army Achievement Medal, Army Commendation Medal, Bronze Star. Àṣẹ tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀. Bí ẹ bá ní ìwé ẹ̀yẹ tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ náà, ẹ má gbé e kọ́ ara ògiri kí ẹ gbàgbé. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà Permanent Order sábà máa ń wà níbẹ̀, bíi 122-004. Nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ ni iye ọjọ́ tí ọdún ti jẹ: ọjọ́ 122 nínú ọdún ni ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún, àyàfi tí ó bá jẹ́ ọdún tó ní ọjọ́ 366. Bí nọ́ńbà àti déètì ìwé kò bá bára mu, ẹ ti mọ ibi tí akọ̀wé ti ṣìṣe nìyẹn, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó fi kọ̀ yín. Nọ́ńbà yìí kan náà wà nínú DA Form 638, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń dábàá àmì ẹ̀yẹ, tí wọ́n fọwọ́ sí. Ìwé ẹ̀yẹ tí kò ní nọ́ńbà àṣẹ rárá kò lágbára púpọ̀.

Irú kẹta ni èyí tí ó yẹ kí wọ́n dábàá ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò dábàá. Èyí kì í ṣe àtúnṣe àkọsílẹ̀, àbá tuntun ni, ẹni tó fẹ́ gbà á kò sì lè dábàá ara rẹ̀. Ọ̀gá tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni yóò kọ DA Form 638, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àwọn tó fojú rí i. Bí àkókò bá ti kọjá, Abala 1130 nínú ìwé òfin 10 ti Amẹ́ríkà ni ọ̀nà tó kù: ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ni yóò fi àbá náà ránṣẹ́. Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí àbúrò tó ń gbé níbẹ̀, ọ́fíìsì aṣòfin agbègbè tirẹ̀ ni kí ó lọ.

Ẹ gba odidi fáìlì yín

SF 180 ni fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé àwọn ènìyàn ń fi béèrè ẹ̀dà DD-214 nìkan. Ẹ̀dà yẹn á dé, àpótí 13 rẹ̀ á sì rí bí ti ọwọ́ yín ṣe rí, òfìfo níbi tó ti ṣófo. OMPF, odidi fáìlì iṣẹ́ yín, ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì kọ orúkọ àmì ẹ̀yẹ tí ẹ ń wá sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ orúkọ tí ẹ ń jẹ́ nígbà iṣẹ́, nọ́ńbà Social Security, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n bí yín, ẹ̀ka iṣẹ́, ọjọ́ tí ẹ wọlé àti èyí tí ẹ jáde. Ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì kọ déètì, torí wọn kì í dá ẹni tí kò fọwọ́ sí i lóhùn. Àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ni National Personnel Records Center, 1 Archives Drive, St. Louis, MO 63138. Bí ọgbẹ́ ojú ogun ni ọ̀rọ̀ yín, ẹ rántí pé fáìlì ìlera àwọn tó kúrò nínú Army láti ìparí 1992 sábà máa ń lọ sọ́dọ̀ VA, nítorí náà ẹ béèrè níbẹ̀ pẹ̀lú. Purple Heart kò ṣeé gbà láìsí ẹ̀rí pé ọ̀tá ló fa ọgbẹ́ náà àti pé oníṣègùn tọ́jú rẹ̀.

Bí àṣẹ bá wà nínú fáìlì kedere, tí wọ́n kàn gbàgbé láti kọ ọ́ sí DD-214 ni, ẹ kò tíì nílò ìgbìmọ̀ tó ń tún àkọsílẹ̀ ológun ṣe. Ẹ̀ka iṣẹ́ yín lè fi DD-215, ìwé àtúnṣe DD-214, ṣe àtúnṣe rẹ̀. Ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń dá ìwé padà bí ó bá rí i pé ẹ kò tíì gbìyànjú ọ̀nà kúkurú yìí.

Ọ̀rọ̀ orúkọ

Ibí yìí ló ti ń ṣòro fún àwa jù. Sójà kan lè wọṣẹ́ pẹ̀lú Olorunfemi, kí wọ́n máa pè é ní Femi nínú yúnìtì, kí akọ̀wé gbé orúkọ bàbá sí iwájú nínú àṣẹ, kí òun fúnra rẹ̀ sì yí orúkọ padà lọ́jọ́ tó búra láti di ọmọ Amẹ́ríkà. Lójú ẹni tó ń wo kọ̀ǹpútà ní St. Louis, ó lè dà bí ènìyàn mẹ́ta. Ẹ to gbogbo orúkọ tó ti jáde lórí ìwé kankan sórí ojú ewé kan, kí ẹ kọ ìwé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà àti déètì rẹ̀. Ẹ so ẹ̀dà ìwé ọmọ ìlú Amẹ́ríkà àti ti ìyípadà orúkọ mọ́ ọn. Ìbúra kọ́ọ̀tù láti Kábbà lè ràn yín lọ́wọ́ níbi tí orúkọ Nàìjíríà ti yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ṣe ló wúwo jù.

Ẹlẹ́rìí

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí tó ní “mo mọ̀ ọ́n, sójà gidi ni” kò wúlò. Kí ẹlẹ́rìí sọ ipò tó wà nígbà náà, yúnìtì rẹ̀, ibi tó dúró sí, ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí, ọjọ́ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àti bí wọ́n ṣe lè rí i bá sọ̀rọ̀. Àlàyé ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan náà láti òkè délẹ̀ máa ń fa ìfura. Ẹ jẹ́ kí kálukú sọ tirẹ̀ bó ṣe rántí rẹ̀.

Bí ẹlẹ́rìí tàbí ẹ̀yin bá ń fọwọ́ síwèé ní Nàìjíríà, kò pọn dandan kí ẹ wá notary kiri. Òfin Amẹ́ríkà gba gbólóhùn yìí, tí wọ́n bá kọ ọ́ sí ìparí bó ṣe wà gẹ́lẹ́: “I declare under penalty of perjury under the laws of the United States of America that the foregoing is true and correct. Executed on,” lẹ́yìn náà déètì àti ọwọ́. Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà lè yọ ọ̀rọ̀ tó dá lórí òfin Amẹ́ríkà kúrò; ẹni tó wà lẹ́yìn òde kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ irọ́ sí i. Ẹ̀wọ̀n wà nídìí irọ́ pípa fún ìjọba wọn.

DD Form 149

Tí ọ̀nà kúkurú bá já sí pàbó, fọ́ọ̀mù yìí, tí ẹ óò fi kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń tún àkọsílẹ̀ ṣe, ló kàn. Army ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Navy àti Marine Corps jọ ní ọ̀kan. Air Force ní tirẹ̀, Coast Guard náà ní tirẹ̀. Àdírẹ́ẹ̀sì wọn wà lára fọ́ọ̀mù náà. Kò sí owó ìforúkọsílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ san owó kí òun tó bá yín fi ìwé ránṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹgbẹ́ bíi DAV àti American Legion ń ran ológun fẹ̀yìntì lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ dárúkọ àmì ẹ̀yẹ kọ̀ọ̀kan tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi kún DD-214. “Gbogbo ẹ̀tọ́ mi” kì í ṣe ìbéèrè. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí òfin rẹ̀ ń fẹ́, kí ẹ tọ́ka sí ìwé tó fi hàn pé ẹ kúnjú rẹ̀, kí ẹ fi nọ́ńbà sí ìwé náà, kí ẹni tó ń kà á má bàa máa wá a kiri. Fọ́tòkọ́pì ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ojúlówó ìwé gbọ́dọ̀ wà nílé.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ mọ̀ pé àṣìṣe wà ni òfin fi sílẹ̀. Bí ó bá ti kọjá, ìgbìmọ̀ lè fojú fò ó nítorí ìdájọ́ òdodo, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Ẹ má fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ mọ̀ gan-an, àti ìdí tí ẹ kò fi lè mọ̀ ṣáájú.

Bí Bàbá bá ti di olóògbé, opó rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ lè fọwọ́ sí i. Ẹ so ìwé ẹ̀rí ikú láti National Population Commission àti ẹ̀rí ìbátan mọ́ ọn. Fún SF 180, opó tó ti fẹ́ ọkọ mìíràn kò sí lára àwọn tí wọ́n ń dá lóhùn. Ọmọ ni kí ó béèrè.

Lójú ìgbìmọ̀, ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló tọ̀nà títí ẹ̀rí yín yóò fi wúwo jù ú lọ. Ìwé ni wọ́n fi ń dájọ́, ìjókòó ojúkojú ṣọ̀wọ́n, nítorí náà ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Òfin ní kí wọ́n parí ìdá 90 nínú 100 àwọn ìwé láàárín oṣù 10, kí ọ̀kankan má sì kọjá oṣù 18. Ẹ fi ímeèlì tí ẹ ń ṣí déédéé sí fọ́ọ̀mù, torí lẹ́tà lè pẹ́ kí ó tó dé àpótí ìfìwéránṣẹ́ Mópà tàbí Odò-Ẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ka ìdí tí wọ́n kọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó máa ń sọ ìwé tí wọn kò rí. Ìwé yẹn gan-an ni kí ẹ wá. Ẹ̀rí tuntun ló lè mú kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, kì í ṣe lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Bí wọ́n bá gbà, DD-215 ni yóò dé. Kò rọ́pò DD-214, nítorí náà ẹ so wọ́n pọ̀, ẹ fi ẹ̀dà méjèèjì ránṣẹ́ sí VA, kí ẹ sì fi SF 180 béèrè mẹ́dàlì náà fúnra rẹ̀, nítorí ìwé nìkan kì í mú un wá.