Kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́: ẹ má sanwó GPS tí ẹ ò níí lò

Ẹ̀yin oníkẹ̀kẹ́ ẹgbẹ́ wa, tó bá jẹ́ pé bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń sáré tó àti iye kìlómítà tí ẹ rìn nìkan lẹ fẹ́ máa rí, kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́ tó ní wáyà àti òòfà ni kẹ́ ẹ rà, ẹ fi ti GPS, tó ń fi sátẹ́láìtì mọ ibi tí ẹ wà, sílẹ̀. Òòfà kékeré á wà lára wíìlì iwájú, sẹ́ńsọ̀ á wà lára fọ́ọ̀kì, ìyẹn irin tó di wíìlì náà mú. Ìgbàkígbà tí òòfà bá kọjá, ẹ̀rọ á ka ìyípo kan, á sì fi gígùn táyà (bí táyà ṣe gùn tó yípo) sọ ọ́ di kìlómítà. Bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 tí àwọn alágogo ń tà ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, ó sì máa ń pẹ́ gan-an. Ti GPS, ẹ ó máa ṣáájì ẹ̀ ṣáá ni, ẹ sì mọ bí iná wa ṣe rí. Ọ̀nà tí ẹ gbà? Fóònù inú àpò á bá yín kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ ṣáà rí i pé ẹ tẹ gígùn táyà sí i dáadáa. Táyà tí wọ́n kọ 700x25 sí lára máa ń tó mílímítà 2105, àmọ́ ká wọ̀n ọ́n fúnra ẹni ló dáa jù: ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí táyà ti kanlẹ̀, ẹ jókòó lórí kẹ̀kẹ́, kẹ́nì kan rọra tì yín títí àmì á fi padà kanlẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi tépù wọ̀n ọ́n. Ẹ bá pààrọ̀ táyà, ẹ tún un wọ̀n.

Oníwáyà yìí ò ní máàpù o, ọ̀pọ̀ wọn ò sì lè ka bí ọkàn ṣe ń lù. Ẹni tó bá fẹ́ ìyẹn, kó wá ANT+ tàbí Bluetooth (ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà bára wọn sọ̀rọ̀ láìlo wáyà) lára páálí kó tó sanwó.