Bí A Ṣe Ń Yọ Àyè Tí Òfin Fi Sílẹ̀ fún Oko Ẹrú Nínú Ẹ̀wọ̀n ní Amẹ́ríkà

Àtúnṣe kẹtàlá sí òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó fìdí múlẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1865, ka oko ẹrú léèwọ̀, àfi bí ó bá jẹ́ ìjìyà fún ẹ̀ṣẹ̀ tí ilé ẹjọ́ ti dá ènìyàn lẹ́bi rẹ̀. Abẹ́ gbólóhùn kékeré yìí ni àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù sá sí nígbà tí wọ́n ń mú àwọn aláwọ̀ dúdú lórí ẹ̀sùn pé wọn kò níṣẹ́ lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń fi wọ́n yá àwọn olóko àti àwọn tó ń wa èédú. Ọdún 1928 ni Alabama tó jáwọ́ nínú rẹ̀.

Láti tún òfin àpapọ̀ ṣe, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin méjèèjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà ìpínlẹ̀ 38 nínú 50. Ìdí nìyẹn tí ó fi yá láti bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yín. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà wò, nítorí àwọn kan kò tilẹ̀ mẹ́nu kan oko ẹrú rárá, kí ẹ sì wá aṣòfin tí yóò gbé àbá láti yọ àyè yìí kúrò wọlé. Ẹ ṣírò àkókò pẹ̀lú: ní Nevada, ìjókòó ilé aṣòfin méjì tó tẹ̀ léra ni yóò fọwọ́ sí i kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn olùdìbò.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti ń bàjẹ́ jù ni ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ sórí ìwé ìdìbò. Ní Colorado lọ́dún 2016, wọ́n bi àwọn ènìyàn bóyá kí a yọ ohun tí òfin yọ sílẹ̀ lára ohun tí ó kà léèwọ̀, débi pé ẹni tó kórìíra oko ẹrú gan-an lè máà mọ̀ bóyá "bẹ́ẹ̀ ni" ni kí òun mú tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́". Ìbò díẹ̀ ni wọ́n fi pàdánù. Ní 2018, wọ́n béèrè bóyá kí oko ẹrú di èèwọ̀ ní gbogbo ọ̀nà, ó sì wọlé wẹ́rẹ́. Ti Louisiana lọ́dún 2022 tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí aṣòfin tó gbé e wá fúnra rẹ̀ fi ní kí wọ́n má dìbò fún un. Ní oṣù Kọkànlá 2024, Nevada kọ "oko ẹrú" gbangba sórí ìwé ìdìbò, ó yege. California kọ "iṣẹ́ àfipáṣe" nìkan, ó kùnà. Mi ò ní sọ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fà á, ṣùgbọ́n ẹ ka ìbéèrè yín sí etí ẹni tí kò mọ òfin, kí ẹ bi í léèrè ohun tí "bẹ́ẹ̀ ni" yóò yí padà. Bí ó bá ní kí ẹ tún un kà, ẹ lọ tún un kọ.

Ẹ múra sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ owó. Ní 2022, àwọn aṣírò owó ìjọba California ní àbá láti fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe nínú ẹ̀wọ̀n lè ná ìpínlẹ̀ náà bílíọ̀nù 1.5 dọ́là lọ́dún bí àwọn ẹlẹ́wọ̀n bá ní láti gba owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin, àbá náà sì dúró síbẹ̀ lọ́dún náà. Tennessee dá àwọn tó ń bẹ̀rù lóhùn nínú àtúnṣe tirẹ̀: ó kọ ọ́ pé kò sí ohun tó dí ẹlẹ́wọ̀n lọ́wọ́ láti ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti borí, ẹ ka ìlànà ọgbà ẹ̀wọ̀n fúnra rẹ̀. Ní Colorado, àwọn ẹlẹ́wọ̀n padà lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí pé ẹni tó bá kọ iṣẹ́ ṣì ń jìyà rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí òfin kejì, tí yóò dárúkọ àwọn ìjìyà bẹ́ẹ̀ tí yóò sì fòfin dè wọ́n, ti wà ní kíkọ kí ọjọ́ ìdìbò tó pé.